Gbèsè Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Kì Í Ṣe Owó Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, ohun kan náà lẹ máa ń sọ fún mi: “Íntánẹ́ẹ̀tì ló pa á.” Ẹ ò purọ́. Lọ́dún 2001, lẹ́tà onísítáǹpù tó gba ọwọ́ wọn kọjá lé ní 100 bílíọ̀nù. Lónìí, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ò ní mọ ohun tó ń fún wọn lọ́rùn gan-an.

Láti ọdún 1971 ni òfin ti ní kí iléeṣẹ́ náà máa dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1970, Ààrẹ Nixon sì buwọ́ lu òfin tó sọ ọ́ di iléeṣẹ́ tó dá dúró. Owó sítáǹpù àti owó ẹrù ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe owó orí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún un sọ: KÌ Í ṢE OWÓ ORÍ!

Ó dáa. Ní 2006, àwọn aṣòfin gbé òfin tuntun jáde. Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ yìí máa kó bíi 5.5 bílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́wàá, fún ìtọ́jú ìlera àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Àtẹni tó ṣì ń gbé àpò lẹ́tà kọ́rùn nígbà yẹn, owó oògùn ọjọ́ ogbó rẹ̀ ti di sísan.

Ìyá ìyá mi dín àkàrà tà, ìdí agbada rẹ̀ ni mo sì ti máa ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Alájọ á dé ní kùtùkùtù, á fa ìlà sínú káàdì. Màmá á nu ọwọ́ epo, wọn á tú etí ìró, wọn á ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi lé e lọ́wọ́. Àjọ dùn ún dá, torí àwọn fúnra wọn ló mọ iye tí agbára wọn ká. Wàyí o, ká ní alájọ dé lọ́jọ́ kan tó ní: “Ìyá, owó ilé ìwòsàn gbogbo ọmọ tó ń bá yín lọ ẹ̀wà, títí wọ inú ogbó wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sílẹ̀ báyìí.” Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tún ní wọn ò gbọdọ̀ fi owó kún àkàrà ju bí ọjà ṣe wọ́n sí lọ. Kí wọ́n tún ní kí wọ́n gbé àkàrà dé gbogbo ojúlé, ti orí òkè, ti ìsàlẹ̀ odò, iye kan náà!

Mi ò bù mọ́ ọn o. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dì lé ilé ìfìwéránṣẹ́ lórí. Ní Supai, ní ìpínlẹ̀ Arizona, nísàlẹ̀ àfonífojì Grand Canyon, ìbaaka ló ń ru lẹ́tà sọ̀ kalẹ̀. Iye sítáǹpù ti New York náà ni.

Kíá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ní 2012, wọ́n ti yá owó kan góńgó: 15 bílíọ̀nù dọ́là, òfin ò gbà kí wọ́n yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni wọn ò rí owó ọjọ́ ogbó yẹn san mọ́. Àdánù 2012 jẹ́ 15.9 bílíọ̀nù. Owó tí òfin 2006 bù lé wọn lórí, ti ọdún méjì tó pàdé pọ̀, kó 11.1 nínú rẹ̀! Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù.

Ibi tẹ́ ẹ máa ń ṣì í nìyí. Ẹ rọra gbọ́.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Biden buwọ́ lu òfin àtúnṣe. Ó fòpin sí owó àkósílẹ̀ yẹn, ó pa bíi 57 bílíọ̀nù gbèsè rẹ́, ó ní kí àwọn tó máa fẹ̀yìn tì wọ Medicare, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ó sì fìdí ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi ń pín lẹ́tà lọ́sẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ìwé ìṣirò ọdún náà jáde, èrè 56 bílíọ̀nù ló wà nínú rẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn: “Wọ́n ti là!”

Rárá o! Màmá jẹ alájọ lówó, alájọ fa ìlà pa á nínú ìwé. Ẹ wá tú etí ìró màmá wò. Kọ́bọ̀ kan ò wọbẹ̀. GBÈSÈ TÍ WỌ́N PA RẸ́ KÌ Í ṢE OWÓ TÓ WỌLÉ! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rí rèé: 2023, àdánù 6.5 bílíọ̀nù. 2024, àdánù 9.5. Sítáǹpù tó jẹ́ sẹ́ǹtì 55 níbẹ̀rẹ̀ 2021 di 78 ní 2025, àwọn lẹ́tà kan tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta dé sì di ọlọ́jọ́ márùn-ún. Èyí ló ń dùn mí. Mo ti dúró nídìí àpótí lẹ́tà rí, mò ń retí oògùn ìfúnpá ẹbí mi kan. Mo ṣí i láàárọ̀, mo ṣí i nírọ̀lẹ́, ìwé ìpolówó píísà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń retí oògùn, ẹ sọ fún un pé kó san owó púpọ̀ sí i kó sì dúró pẹ́ sí i? Lójú tèmi, aṣòfin tó ní kí ìbaaka máa lọ sí Supai ló yẹ kó wá owó koríko rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń pín lẹ́tà ní Houston tàbí Maryland, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ètò Medicare tuntun yẹn ti kàn wọ́n, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.