Kí Ló Ń La Ọta Idẹ Nínú Àpótí?

Mo júbà ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo sì kí ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tí ẹ wá láti Aké títí dé Ìtòkú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ni ti ọta idẹ tí àwọn kan ń rọ nílé, tí wọ́n tún ń kún lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín tán. N kò ní í kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ o. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa kò gbà kí aráàlú máa ṣe ọta, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Idẹ gan-an ni mo bá wá.

Nígbà tí ogun Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta yìí ní 1851, ìbọn tí à ń ro ẹ̀tù sí lẹ́nu ló pọ̀ lójú ogun. Ìbọn bẹ́ẹ̀ kò mọ kòròfo ọta, ìyẹn agolo kékeré tí ẹ̀tù máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣakabùlà ọwọ́ yín kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tí à ń ki ọta sí nídìí gbà láti Èkó. Agbára dé, ìgbèkùn bá a dé: bí ọta bá ti tán, ìbọn di ọ̀pá lásán. Ìdí nìyẹn tí kòròfo fi ń wu ọdẹ í pa mọ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe, nítorí ó ń dán bí ohun tí kò ní í gbó láé.

Ó ń gbó. Bí a bá pín idẹ ọta sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bàbà máa ń tó nǹkan bí 70, síǹkì á kó ìyókù. Tí ẹ̀tù bá gbiná, kòròfo á fẹ̀, á lẹ̀ mọ́ inú ìbọn kí iná má baà padà sójú ẹni tó yìn ín. Lẹ́yìn náà á sún kì díẹ̀ kí ọwọ́ lè fà á yọ. Idẹ tó le jù á là, èyí tó rọ̀ jù á há. Idẹ ẹ̀rọ omi pọ́n bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi òjé díẹ̀ sí i kó lè rọrùn láti gbẹ́, nítorí náà wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Èyí tó dáa pàápàá, gbogbo ìgbà tó bá fẹ̀ tó sì sún kì ló ń le sí i. Ẹ ká wáyà bàbà síwá sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé á kọ́kọ́ le kó tó kán.

Íńdíà ni ìtàn tó dùn mọ́ mi jù ti ṣẹlẹ̀. Ọta àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń là lákòókò òjò láìsí ẹni tó yìn ín. Ilé ẹṣin ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Ní 1921 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Moore, Beckinsale àti Mallinson, tú àdììtú náà: amóníà, afẹ́fẹ́ olóòórùn líle tó ń jáde látinú ìtọ̀ ẹṣin, ló ń wọ ara idẹ tí fífà àti títẹ̀ ti ní lára. Ilé iṣẹ́ ń fi iná tú irú ara bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí ojú idẹ tí wọ́n lù lẹ́yìnkùlé ti rí?

Ẹ má rẹ́rìn-ín ẹṣin. Ìgbẹ́ adìyẹ ń mú amóníà jáde, ilé adìyẹ sì pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn àpò oúnjẹ adìyẹ ni àwọn kan ń fi ọta sí.

Alágbẹ̀dẹ kan bi mí bóyá ojú lè rí ìlà náà kó tó ṣe ọṣẹ́. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó lè ti inú bẹ̀rẹ̀, nítòsí ìdí, kí ìta sì máa dán.