Ìdí Tí Géèmù Fífò Àtijọ́ Fi Le, Tí Kò sì Sú Ni

Àwọn ọ̀dọ́ Ilé-Ifẹ̀ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù la dójú ọ̀rọ̀ yìí kọ. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò sí níjòókòó.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọpọ́n ayò bẹ̀rẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó fara pamọ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pa láyò kò lè ní ẹnì kan ló ṣègbè. Òun ló ka ọmọ, òun ló sì kà á ṣì. Ìdí nìyẹn tí yóò fi ní kí wọ́n tún un tò. Bí géèmù fífò àtijọ́, èyí tí ẹni inú rẹ̀ ti ń sáré tó sì ń fo kòtò àti ọ̀tá, ṣe rí náà nìyẹn. Ó le, àmọ́ èyí tó bá dára nínú wọn kì í rẹ́ni jẹ: ẹni tó kú mọ ohun tó pa òun.

Super Mario Bros. jáde ní Japan ní 1985, fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù inú ilé tí Nintendo ti gbé jáde ní 1983. Àwòrán rẹ̀, orin rẹ̀, ayé mẹ́jọ tó ní ìpele mẹ́rin-mẹ́rin, kílóbáìtì 40 ni gbogbo rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà ní Lágéré lónìí ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ẹni tó mọ ọ̀nà yóò parí ìpele 32 náà kí wákàtí kan tó pé. Kí nǹkan tó kéré báyìí tó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, àfi kó le.

Ogún àwọn ẹ̀rọ olówó wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń fi owó sínú wọn kí wọ́n tó gbá géèmù, tún wà nínú rẹ̀. Nígbà Donkey Kong, ní 1981, ẹni tí kò bá tètè kú kò ní tètè fi owó mìíràn sínú ẹ̀rọ. Ghosts ’n Goblins tí Capcom ṣe ní 1985 sọ ìyẹn di ìwọra: tí wọ́n bá gbá ọ lẹ́ẹ̀kan, ìhámọ́ra bọ́ lára, lẹ́ẹ̀kejì, o di egungun. Bó o bá sì parí rẹ̀, wọ́n á ní kó o padà síbẹ̀rẹ̀ kó o tún un gbá kó o tó rí òpin tòótọ́. Ní tiwa, ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Ẹ wá wo ìpele àkọ́kọ́ Super Mario Bros. dáadáa. Apá òsì ni Mario, ẹni tí ẹ ń darí, dúró sí, ọ̀tún nìkan ló ṣí sílẹ̀. Ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Goomba ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ẹni tí kò bá fò yóò kú, àmọ́ ìrìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ló pàdánù. Mario gbá bíríkì tó ní àmì ìbéèrè, olú jáde, olú náà yí lọ sọ́tùn-ún, ó bọ́ sílẹ̀, ó forí sọ páìpù, ó sì padà wá bá a níbi tó ti ṣòro láti yẹ̀ ẹ́. Mario fara kàn án, ó rí i pé òun dàgbà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Níwájú, àtẹ̀gùn bíríkì méjì kọjú síra, ilẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fò kùnà yóò kàn tún gòkè ni. Kò pẹ́ sí i, àtẹ̀gùn méjì mìíràn tó fara jọ wọ́n dé, àmọ́ kòtò ló wà láàárín tiwọn.

Fífò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bọ́tìnnì A ni. Tí ẹ bá fọwọ́ bà á fẹ́rẹ́, Mario yóò fò díẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò gòkè dáadáa. B ni eré sísá, eré sì ń fi kún bó ṣe ń fò ga àti bó ṣe ń jìnnà. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló fẹ́ mú wá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀rù kòtò á ba èèyàn, á gbọ́wọ́ kúrò lórí B kó lè tẹ A, eré á sì já. Ẹ fi orí àtàǹpàkò lé B, kí oríkèé rẹ̀ wà lókè A, kí ẹ sì máa fi oríkèé náà tẹ̀ ẹ́ láìgbé ọwọ́. Nínú Castlevania, géèmù mìíràn ti 1986, ìyẹn nìkan kò tó, torí ẹ kò lè yí ọ̀nà padà bí ẹ bá ti fò. Tí ọ̀tá bá sì kàn yín lójú òfuurufú, ẹ̀yìn ló máa tì yín sí, kòtò sì sábà máa ń wà lẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Àwòrán 60 ni géèmù Mario ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ bá fi ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, àwòrán mẹ́fà ti kọjá kí ojú yín tó rí i: ẹ wá Game Mode, èyí tó ń dín ìpẹ́ náà kù, nínú ètò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń fi àwòrán 50 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ilẹ̀ wa, lè mú kó falẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Ẹni tó bá fi ìyẹn kọ́ ọwọ́ yóò máa pẹ́ fò lórí ẹ̀rọ tó ń lo 60. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń gbá a, ojú rẹ̀ kò ní etí tí ìka lè mọ̀, ẹ ra páàdì tó ní bọ́tìnnì. Ẹ má sì fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì géèmù tí ẹ ń kì bọ ẹ̀rọ mọ́: itọ́ ń jẹ irin rẹ̀. Òwú àti sípíríìtì ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tiyín, ẹ wo Celeste, géèmù fífò ti 2018. Ó le gan-an, síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò létí ilẹ̀, ó ṣì ń gba fífò fún ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ dán an wò nínú géèmù yín. Ẹ gbé àkókò àánú yẹn sí òdo, kí ọ̀rẹ́ yín gbá a fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá gbé e sí àwòrán mẹ́fà láìsọ fún un. Kò ní sọ pé géèmù ti rọ̀. Á ní ọwọ́ òun ti ń mọ́ ọn.