Kí Ló Ń Sọ Omi Di Àwọ̀ Ewé? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Tó Ń Sin Ẹja l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́yìn, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹni tó bá ti fọ tánkì omi rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára tánkì yẹn, algae ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn yẹn ní ewé àti gbòǹgbò. Òun ni àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi ń jẹ, kí ẹja tó jẹ àwọn náà. Torí náà, mi ò wá bú u. Ìgbà tó bá ya bo omi ni wàhálà dé.

Kí ló ń mú un ya bo omi? Ìjà gidi ni ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní nǹkan bí ọdún 1970. Bíi ewéko oko, algae ní àwọn èròjà tó fi ń dàgbà: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, náítírójẹ̀nì àti kábọ́ọ̀nù wà lára wọn. Àwọn kan ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ ló fà á. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ní rárá o, kábọ́ọ̀nù ni. Ṣé wọ́n á pe ọjà ara wọn ní ìdọ̀tí ni?

Ọ̀jọ̀gbọ́n David Schindler, onímọ̀ nípa omi adágún, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìjà náà lọ sójú omi. Àwọn adágún kan wà ní ìpínlẹ̀ Ontario tí ìjọba Kánádà yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí, nọ́mbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Láti 1969, wọ́n ń da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójẹ̀nì sínú Adágún 227, wọn ò fi kábọ́ọ̀nù kankan sí i. Algae bò ó síbẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa kábọ́ọ̀nù tirẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni Adágún 226. Ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ní 1973, wọ́n ta aṣọ ike sí ìbàdí náà, láti ojú omi dé ìsàlẹ̀, adágún kan wá di méjì. Wọ́n da ṣúgà, torí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, àti náítírójẹ̀nì sí ọ̀tún àti òsì. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, apá yẹn ti di àwọ̀ ewé gbuu, èkejì dúdú bó ṣe wà. Fọ́tò yẹn la ìjà náà ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ní 1991, Schindler ló kọ́kọ́ gba Ẹ̀bùn Omi Stockholm, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí omi.

Ẹnìkan á ní, ṣé ká dín náítírójẹ̀nì kù nìkan kò tó? Àwọn kan wà nínú algae tó lè fa náítírójẹ̀nì láti inú afẹ́fẹ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò sí nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀; ọwọ́ wa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù, omi ọṣẹ, ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò lóko: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú gbogbo wọn, èyíkéyìí tó bá sì wọ odò Ògùn ń bá a lọ sí ọ̀sà l'Ékòó. Lójú tèmi, gbígbẹ́ gọ́tà nìkan kò lè tán an. Ibi tí nǹkan wọ̀nyí ti ń jáde ló yẹ ká ti dá wọn dúró, kí wọ́n tó fojú kan omi.

Ìyá kan béèrè níbí bóyá kí òun má da ìgbẹ́ adìyẹ sí odò ẹja òun mọ́. Mà, ẹ lè dà á, ẹ kàn má dà á jù. Lọ́sàn-án, algae ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lóru, òun náà ń mí, ó ń gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀ kùtù. Epìyà ló máa ń kọ́kọ́ kú, torí àrọ̀ lè gba atẹ́gùn lójú omi. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgunpá. Bí ẹ kò bá rí ọwọ́ yín mọ́ kí omi tó dé ìgunpá, ẹ dáwọ́ ìgbẹ́ dúró, kí ẹ sì fa omi tuntun sí i.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó se omi aláwọ̀ ewé mu o. Àwọn algae kan ń tu májèlé, síse kì í pa á. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni májèlé ń ki sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ó wọ omi ẹ̀rọ ìlú Toledo l'Amẹ́ríkà láti adágún Erie, wọ́n sì ní kí àwọn tó lé ní 400,000 má mu ún. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ní o, ẹ̀rọ ìwẹ̀mọ́ wà níbẹ̀.