Ẹ̀rù Ń Ba Charley Pride

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ọkọ̀, ẹ wo iwájú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ kú iṣẹ́, Olúwa á bá wa ṣe é. Orin kọ́ńtìrì ni mo bá dé lónìí. Àmì-ẹ̀yẹ CMA, ti ẹgbẹ́ orin kọ́ńtìrì Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń ṣe ní Nashville, ìlú tí orin kọ́ńtìrì fi ṣe ilé. Hẹ̀ẹ̀! Mo ti gbọ́ ẹni tó pòṣé. Ẹ ní sùúrù fún mi, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀.

Ti ọdún 2020 ni mò ń sọ. N ò ní í máa ròyìn bí ọdún yẹn ṣe rí, gbogbo wa la jọ la á kọjá. Wọ́n kó ètò náà kúrò ní gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọn ò jẹ́ kí èrò ìwòran wọlé, àwọn olórin àtàwọn èèyàn wọn ló jókòó sídìí tábìlì bí ará òde ìgbéyàwó. Reba McEntire àti Darius Rucker ló darí ètò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó gba kí ni, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tó wọ̀ mí lára ni mo fẹ́ lọ, orin kan ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́.

Wọ́n pe Charley Pride jáde, gbajúmọ̀ olórin kọ́ńtìrì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bàbá ẹni ọdún 86. Wọ́n fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ Willie Nelson dá wọn lọ́lá, fún gbogbo iṣẹ́ ayé wọn. Bàbá àti Jimmie Allen, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń kọ kọ́ńtìrì, jọ kọ orin bàbá ti 1971 yẹn, "Kiss an Angel Good Mornin'". Nígbà tó tó àkókò ọ̀rọ̀, bàbá dúró níwájú màíìkì, wọ́n ní àwọn tó ń gbọ́ lè má gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn gan-an.

Háà! Ẹ̀rù kẹ̀? Charley Pride?

Mo dá fídíò dúró. Mo dá a padà sẹ́yìn. Mo tún un gbọ́. Kì í ṣe àwàdà. Ojú bàbá kò ṣàwàdà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí RCA, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwo, ń gbé àwọn àwo àkọ́kọ́ bàbá jáde ní 1966, wọn ò fi fọ́tò bàbá ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ rédíò. Aráyé gbọ́ ohùn, wọ́n fẹ́ràn ohùn, wọn ò mọ irú ẹni tó ni ín. Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan ní Detroit, èrò tó tó 10,000 jókòó. Wọ́n pe orúkọ, àtẹ́wọ́ ń ró wàá-wàá. Bàbá yọ. Wọn ò tíì di bàbá nígbà yẹn o, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Àtẹ́wọ́ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó dákẹ́ pátápátá. Ẹ fojú inú wò ó. Ìwọ nìkan, gìtá, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí awọ ara rẹ. Bàbá wá bá èrò ṣàwàdà pé ó lè ṣàjèjì díẹ̀ kí ẹni tí oòrùn ti pa lára tí kò ní í ṣí mọ́ wá kọrin kọ́ńtìrì fún wọn. Wọ́n sì kọrin.

Ẹni tó dúró níwájú irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn tí kò sá, òun ni ẹ̀rù wá ń bà níwájú àwọn tó wá yẹ́ ẹ sí?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní, "Àǹtí, orin lẹ ní ẹ fẹ́ dá lẹ́jọ́, kì í ṣe ìtàn. Ohùn bàbá ti lọ." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ohùn kò lọ, ọdún ló gùn ún. Ẹni tó bá ń wá ohùn 1971, kó lọ ra àwo 1971. Kí wá ni ìwúlò orí ìtàgé bí kò bá jẹ́ ká rí ẹni náà bó ṣe rí lónìí? Nílé wa, tí Olóyè Ebenezer Obey bá gba màíìkì níbi ayẹyẹ, pẹ̀lú pé wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ta ni nínú yín ló máa dìde pé kí wọ́n gbé ohùn ìgbà ọ̀dọ́ wọn wá? Owó lẹ máa yọ! Ẹ ó ná an mọ́ wọn níwájú orí, ẹ ó tún máa jó padà sẹ́yìn. Àmọ́ tó bá ti di ti Nashville, gbogbo yín ti di adájọ́ ohùn. Ẹ má bà mí nínú jẹ́.

Ètò ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká bá wí. Orin kan! Ẹni tí orin ẹ̀ tó lé ní 25 ti gba ipò kìíní lórí àtẹ kọ́ńtìrì, orin kan. CMA kan náà yìí, ní 2015, wọ́n jẹ́ kí Chris Stapleton tó ń kọ kọ́ńtìrì àti Justin Timberlake tó ń kọ orin pop so orin méjì pọ̀, orin Stapleton kan, orin Timberlake kan, kò sẹ́ni tó ń wo aago. Wọ́n sì ṣe é, n ò ní parọ́. Stapleton tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ kó àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwo ẹ̀ sì fò lọ sí ipò kìíní. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn láyè nígbà tó bá wù wọ́n? Charley Pride ni wọ́n fi jẹ Entertainer of the Year ní 1971, òun sì ni olórí gbogbo àmì-ẹ̀yẹ wọn. Láti ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú mìíràn kò tíì gbà á. Ẹ wá sọ fún mi pé orin kan tó.

Ẹnì kejì ń bọ̀, mo ti ń gbọ́ ìró bàtà ẹ̀. "Kí ló kàn yín nínú orin òyìnbó darandaran?"

Ó kàn mí! Jókòó. Ta ni dádì ẹ ń gbọ́ láàárọ̀ Sunday kẹ́ ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Purọ́ ká gbọ́. Jim Reeves, olórin kọ́ńtìrì! Jàǹbá bàálù ló pa á ní 1964, síbẹ̀ ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, ẹni tí kò mọ̀ yẹn á rò pé òpópónà kejì ló ń gbé. Àwo ẹ̀ tí dádì mi ní ju Bíbélì tó wà nínú ilé lọ. Hàhàhà! Dádì, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ ètò yìí. Chet Atkins tó ń bá Jim Reeves ṣe àwo ní RCA, òun náà ló gba Charley Pride wọlé síbẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ tó ṣètò ohùn inú pálọ̀ wa ló ṣílẹ̀kùn fún bàbá yìí.

Ẹ tún wá gbọ́ jùjú. Gìtá tó máa ń fa ohùn gùn lẹ́yìn King Sunny Adé, tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín, pedal steel ni. Irinṣẹ́ Nashville pọ́ńbélé. Demola Adepoju ló ń ta á. Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ta débi pé nígbà tí Paul Simon ṣe Graceland, tó jáde ní 1986, òun ló ta pedal steel sínú orin tó ni orúkọ àwo náà. Ṣé ó yé yín? Òyìnbó Amẹ́ríkà ń kọrin nípa ilé Elvis ní Memphis, ọmọ Yorùbá ló ń ta gìtá kọ́ńtìrì sí i! Mi ò ní kí n máa fọ́nnu, àmọ́ mo ń fọ́nnu.

Àwọn ará Nashville gan-an, níbo ni wọ́n ti rí i? Irin tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá, Hawaii ló ti wá. Báńjò, àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ló gbé ìmọ̀ ẹ̀ dé Amẹ́ríkà. DeFord Bailey, aláwọ̀ dúdú tó ń fọn hàmóníkà, wà lára àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ nínú Grand Ole Opry, ètò orin kọ́ńtìrì orí rédíò ní Nashville. Wọ́n lé e ní 1941. Ó di 2005 kí wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ sí Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin kọ́ńtìrì, nígbà tí ó ti wà ní sàréè fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Bí kò bá kan èmi, ta ló wá kàn?

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni bàbá kọrin yẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, Kòrónà pa wọ́n, níbí ní Dallas tí èmi náà ń gbé. Àwọn kan sọ pé CMA ló fà á. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. CMA àtàwọn aṣojú bàbá jọ kọ̀wé pé wọ́n yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó kúrò nílé, nígbà tí wọ́n dé Nashville, lọ́jọ́ ètò gan-an, àti lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Texas, kò sì sí àrùn kankan lára wọn nínú àyẹ̀wò wọ̀nyẹn. Mo gbọ́, mo gbà. Ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ìròyìn ikú tó dé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn ti mú mi. Lẹ́yìn ikú, gbogbo èèyàn ń pín fídíò náà, wọ́n ń kọ "ìgbà ìkẹyìn" sí i. Ó dáa. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí mo wò ó, bàbá ṣì wà láàyè, mi ò sunkún nítorí òkú. Ẹni tó ti ń dúró níwájú èrò láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣì ka èrò sí débi tí àyà ẹ̀ fi ń já. Àwọn ọmọdé tó kọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn wọn mọ́ kedere, àyà wọn ò já rárá, mi ò sì rántí orin kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n kọ.

Ó tó báyìí, ìrẹsì mi wà lórí iná. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti Beyoncé àti Dixie Chicks ní 2016 la máa gbé yẹ̀ wò, níbi CMA àádọ́ta. Ẹni tó bá ti ń múra ìjà sílẹ̀, kí voice note ẹ̀ má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹnì kan fi ọ̀kan gbọọrọ ránṣẹ́ níjọ́sí, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ṣíbí ni mo gbọ́ jù níbẹ̀. Ó dàbọ̀ o.