Kerr Eby: Ọmọ Ogun tí ó Tẹ Àwòrán Ogun sórí Bébà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo àwòrán yìí dáadáa. Àwọn ọmọ ogun ni ó tò lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀, wọ́n kéré débi pé a kò lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀, ìkùukùu dúdú kìrìmù kan sì ṣíji bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọdún 1934 ni Kerr Eby ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó kọ sí i ni September 13, 1918, ní St. Mihiel nílẹ̀ Faransé.

Wọn kò bí Eby sí Amẹ́ríkà tí ó jagun fún. Tokyo ni wọ́n bí i sí ní 1889, níbi tí àwọn òbí rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Kánádà ni ó ti dàgbà, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ọnà ní New York. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba òun gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán, wọn kò gbà, ni ó bá wọṣẹ́ ológun bí àwọn yòókù. Ó bá àwọn tí ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ó wọ ẹgbẹ́ 40th Engineers, àwọn tí ń wá ọgbọ́n bo ìbọn ńláńlá kí ojú ọ̀tá má baà tó wọn. Kò sì yé yàwòrán ohun tí ó ń rí.

Ẹ fara balẹ̀ wàyí, nítorí ibí yìí ni gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Ojú bàbà pẹlẹbẹ ni Eby ti kọ́kọ́ ṣe àwòrán yìí, kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ ni ó fi gbẹ́ bàbà náà. Rárá o! Ìda ni a fi ń bo ojú bàbà, abẹ́rẹ́ kàn ń ha ìda náà kúrò ni, kí bàbà lè yọjú níbi tí ìlà bá wà. Lẹ́yìn náà ni a ó rì í sínú ásíìdì. ÁSÍÌDÌ NI Ó Ń JẸ BÀBÀ, ABẸ́RẸ́ KỌ́! Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀: ibi tí aládìrẹ bá fi ẹ̀kọ láfún bò, aró kì í wọ ibẹ̀. Ìda ni ẹ̀kọ tiwọn, ásíìdì ni aró. Ìlà tí ó bá pẹ́ nínú ásíìdì a jinlẹ̀, èyí tí ó jinlẹ̀ a gba tàdáwà púpọ̀, a sì dú lórí bébà. Bí a bá ti fi tàdáwà kùn ún, a ó nu ojú bàbà mọ́, kí tàdáwà lè ṣẹ́ kù sínú ìlà nìkan. Inú ìlà, kì í ṣe orí rẹ̀! Ẹ̀rọ ni yóò wá fi agbára tẹ bébà tí a ti fi omi rin wọnú ìlà náà lọ, ọ̀tún a sì di òsì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún mi pé ó kàn sáré ya ohun tí ó rí. Ọdún 16 ni ó wà láàárín ìrìn yẹn àti àwòrán yìí, gbogbo dúdú tí ẹ ń wò ni ó sì fi sùúrù wá.

Ní 1936 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní War, ó sì fi í tako ogun gbangba. Síbẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó tún fẹ́ wọṣẹ́ ológun. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù, ilé iṣẹ́ oògùn Abbott ni ó sì wá rán an lọ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Èmi kò rí ìtakora kankan níbẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ni ọkàn rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní November 1943, ó bá wọn gúnlẹ̀ sí Tarawa, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti kú láàárín wákàtí 76. Èédú ni ó fi ya àwọn àwòrán tí ó mú ti ibẹ̀ bọ̀, ọwọ́ iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ni wọ́n sì wà títí di òní. Eby kú ní Connecticut ní 1946.