Ìwé Ìgbowó tí Faransé Dá Padà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí a bá ti ní ká sọ̀rọ̀ ìjà Ààrẹ Andrew Jackson pẹ̀lú Bank of the United States tó wà ní Philadelphia, báńkì tí ìjọba àti àwọn aládàáni jọ ní ìpín nínú rẹ̀, ti 1832 ni gbogbo èèyàn máa ń sáré gbé, pé Jackson kọ̀ láti buwọ́ lùwé kí báńkì náà máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí èmi fẹ́ràn ni lẹ́tà tí báńkì yẹn àti Ilé Ìṣúra ìjọba ń kọ síra wọn nítorí bébà kan ṣoṣo. Bébà kan!

Nígbà ayé Napoleon, Faransé gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi àti ẹrù àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà. Ní 1831, ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun á san mílíọ̀nù 25 fíránkì, pé òun á pín in sọ́nà mẹ́fà, òun á sì máa san án lọ́dọọdún, pẹ̀lú èlé. Oṣù Èrèlé 1833 ni ti àkọ́kọ́ pé. Louis McLane, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, kò dúró wò ó bóyá owó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù yẹn ló kọ ìwé ìgbowó sí mínísítà ìṣúná Faransé: bí ẹ bá ti rí ìwé yìí, ẹ san 4,856,666 fíránkì fún Samuel Jaudon, akápò báńkì, tàbí ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san án fún. Báńkì gba ìwé, ó sì kọ dọ́là tó lé ní 900,000 sínú àkáǹtì ìjọba.

Ó yá, ẹ dúró. Ibí yìí lẹ ti máa ń ṣì í! Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ìtàn yìí lẹnìkan á ní, “Àṣé báńkì yá ìjọba lówó.” RÁRÁ. Kò yá a lówó. Ó RA ÌWÉ NI. Ìjọba ló tà á. Ìjọba tajà, ọjà náà sì ni ìwé yẹn. Tí èyí ò bá yé yín, gbogbo ìyókù á rú yín lójú.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé. Bàbá Rísí jẹ mí lówó l'Abẹ́òkúta, èmi wà l'Ékòó. Mo kọ ọ́ sí bébà pé, “Bàbá Rísí, ẹni tó bá mú èyí wá, ẹ kó owó mi fún un.” Mo tà á fún Ìyá Alájọ, ó sì kọ owó rẹ̀ sí káàdì mi. Ìyá Alájọ tún tà á fún ẹlẹ́ja tó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹlẹ́ja débẹ̀, Bàbá Rísí ń họrí: “Òótọ́ ni mo jẹ ẹ́, àmọ́ àwọn ẹbí ò tíì dáwó fún mi.” Ta ni ẹlẹ́ja máa padà wá bá? Ìyá Alájọ. Ìyá Alájọ ńkọ́? Èmi ló ń bọ̀ wá bá. Èmi tí mo kọ̀wé!

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Báńkì ti tà á fún Baring Brothers, báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìwé dé Páríìsì ní oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn ará Faransé ní ilé aṣòfin àwọn ò tíì fọwọ́ sí owó náà. Báńkì Hottinguer tó wà níbẹ̀ ló san án, kí ojú má baà ti àwọn ará Philadelphia.

Wọ́n ti dá sọ̀wédowó padà fún mi rí. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló yíjú wò mí, àfi bí ẹni pé mo jalè. Ẹni tó fún mi ní sọ̀wédowó ọ̀hún, ilé rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń jẹ ìrẹsì.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Báńkì ní: ẹ dá owó wa padà, kẹ́ ẹ tún san èlé àti owó ìtanràn dọ́là 15 lórí 100. Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ni! Òfin Maryland ti 1785, tí wọ́n ń lò ní Washington, ló ní kí ẹni tí wọ́n bá dá ìwé rẹ̀ padà láti òkè òkun san bẹ́ẹ̀. Ìjọba dá ojú owó padà, àmọ́ ó ní òun ò san ìtanràn: inú ìwé àkáǹtì yín lowó náà jókòó sí, kí lẹ pàdánù? Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ ṣé ẹ̀yin lẹ san ti Hottinguer ni?

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìsàlẹ̀ lẹ́tà ìgbà náà. Wọ́n á ti na ara wọn lẹ́gba ọ̀rọ̀ tán, wọ́n á wá buwọ́ lù ú pé “èmi ìránṣẹ́ yín onígbọràn.” Bí ọmọ Yorùbá tó kúnlẹ̀, tó ń bú ẹ.

Mínísítà mẹ́rin ni fáìlì yìí kọjá lọ́wọ́ wọn láàárín nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀: McLane, Duane tí Jackson lé nítorí pé ó kọ̀ láti dáwọ́ fífi owó ìjọba sí báńkì náà dúró, Taney tó gbà láti ṣe é, àti Levi Woodbury. Woodbury ò tíì móoru lórí àga, ní oṣù Keje 1834, nígbà tí àsìkò pé kí ìjọba gba èrè lórí ìpín 70,000 tó ní nínú báńkì náà. Báńkì náà, tí Nicholas Biddle jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, yọ 170,041 dọ́là níbẹ̀, ó ní ìtanràn àti èlé òun nìyẹn. Ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀! Òun fúnra rẹ̀!

Ó dilé ẹjọ́. Ní 1844, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ gbè sẹ́yìn báńkì. Ní 1847, ó yí padà: ìwé tí ìjọba kọ sí ìjọba kì í ṣe ìwé ọjà, kò sí ìtanràn níbẹ̀. Faransé ti ń san gbèsè rẹ̀ láti 1836. Báńkì ti wó ní 1841. Biddle ti wà nínú sàréè fún ọdún mẹ́ta.