Ìwé Tí Ọmọbìnrin Lè Bá Jiyàn: Ọ̀rọ̀ Láti Ẹnu Bàbá Kan ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó dára fún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké, mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ ìwé ni wọ́n fẹ́ kí n máa kà sílẹ̀ bí ẹni ń ka ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ọmọbìnrin méjì ni mo bí, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, mo sì ti ń kàwé fún wọn lálaalẹ́ láti kékeré wọn, ìbáà jẹ́ pé iná wà tàbí kò sí. Ohun tí mo rí nínú kíkà náà kò gùn: ìwé gidi fún ọmọbìnrin, lójú tèmi, ni èyí tó bá fi àyè sílẹ̀ fún un láti dá òǹkọ̀wé lóhùn, kódà láti bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Àwọn obìnrin lọ bẹ Ìrókò. Nínú ìtàn tí ìyá mi pa fún mi, ọmọ ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ọjà ni wọ́n fẹ́ kí ó bá wọn tà. Ẹnìkan jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, ẹnìkan jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn, Olúróǹbí sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìwé aláwòrán kan tí mo rà ní Dùgbẹ̀ pa ìtàn náà ní ojú ewé mẹ́jọ, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má ṣe ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ. Mo ka gbólóhùn yẹn tán, mo ti fẹ́ pa ìwé dé, ni ẹ̀gbọ́n bá ní, “Dádì, ṣé wọ́n bi ọmọ náà?” Mo ní, bi í ní kí ni? Ó ní ṣé wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ lọ bá Ìrókò.

Èsì kò sí lẹ́nu mi. Láti kékeré ni mo ti ń kọ orin Olúróǹbí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ohun kan ṣoṣo tí orin náà sọ nípa ọmọ yẹn ni pé ó pọ́n bí epo. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni wọ́n tò ó mọ́. A mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló rí ihò tí èmi ti ń rìn kọjá lórí rẹ̀ fún ogójì ọdún.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkan ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi yẹ kí a jáwọ́ nínú irú àlọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí a tún un kọ kí ọmọ náà lè dìde kí ó sì gé Ìrókò lulẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ra ìwé tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń borí gbogbo ènìyàn láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìparí. Àwọn ọmọ mi gbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì béèrè rẹ̀ mọ́, nítorí pé òǹkọ̀wé ti bá wọn bínú tán, ó ti bá wọn jà tán, kò ku ohun tí wọ́n lè ṣe. Bí Olúróǹbí bá ti wà bí ó ti wà, ìbéèrè náà yóò máa dúró de ọmọ tí yóò bi í. (Àwọn òbí kan máa ń ka iye ìgbà tí ọmọbìnrin mú ìgbálẹ̀ dání nínú àwòrán. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ní ilé wa èmi náà ń gbálẹ̀, àwọn ọmọ sì ń rí mi.)

Ohun tí mo ń bá jà ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà náà a máa fi ẹ̀kọ́ kádìí àlọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà lẹ́nu wọn, àwọn ọmọ jókòó yí wọn ká, àwọn ló ń gbe orin, àwọn ló ń dá “àlọ́ o” wọn lóhùn, bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yé wọn, wọn a pariwo. Nínú ìwé, kò sí ẹni tí ó lè pariwo mọ́ gbólóhùn tí a ti tẹ̀. Nítorí náà, àtàǹpàkò ni mo máa ń fi bo ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn, n ó sì ní kí àwọn fúnra wọn sọ ohun tí ìtàn náà kọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí àbúrò rí nínú Olúróǹbí ni pé kí èèyàn má máa bá igi sọ̀rọ̀. Nígbà tí a ka ti ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀lé arẹwà tó yá ẹ̀yà ara lọ sínú igbó, ìwé ní kí a máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó purọ́ ni kí wọ́n bá wí.

Kí ọmọ tó lè jiyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a sọ, ibẹ̀ ni àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá ti máa ń já mi kulẹ̀. Ìwé Ìjàpá kan wà ní ilé wa tí kò ní àmì ohùn kankan, àní kò ní àmì ìsàlẹ̀ pàápàá. Ẹ̀gbọ́n ń kà á sókè, ó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé “Ijapa lo si ile ejo,” ó sì kà á pé Ìjàpá lọ sí ilé ejò. Ilé ẹjọ́ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Odidi ojú ewé méjì ni a kà tí àwa méjèèjì ń retí ejò tí kò dé, tí ọmọ náà sì ń bi mí ìdí tí adájọ́ fi wà nínú ihò. A rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní bàbá tó gbọ́ Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò pa ìwé náà tì ni.

Ó sì yani lẹ́nu pé Ìbàdàn ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1949 ni Oxford University Press ti ní ọ́fíìsì ní ìlú yìí. Òun ló di University Press tó wà ní Jẹ́ríkò, àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn sì wà ní àdúgbò kan náà. Ìwé kíkà ilé ẹ̀kọ́ ló ń mú owó wọlé fún wọn, torí pé ilé ẹ̀kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òbí kò sì ní ṣàì rà á. Ìwé ìtàn aláwọ̀ mèremère, tí títẹ̀ rẹ̀ wọ́n, kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà a ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì náà. Èyí tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù ni Anna Hibiscus, tí Àtinúkẹ́ kọ, tó jáde ní 2007. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí òǹkọ̀wé náà. Bí mo ti ń ṣí ojú ewé ni mo ń sọ ọ́ di Yorùbá. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ìyá Anna, tó jẹ́ ọmọ Kánádà, fẹ́ kí òun, ọkọ àti ọmọ nìkan lọ sinmi ní etíkun, kò sì pẹ́ tí ó fi ń wá àwọn ẹbí tó fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ń lo ọlidé ní agbo ilé ìyá wọn ní Òjé, ti mọ̀ ṣáájú ìyá Anna pé kò ní lè dá ṣe é. Ọ̀kan péré ló dùn mí: Áfíríkà ni òǹkọ̀wé ń pe ibẹ̀ látòkè délẹ̀, kò dárúkọ ìlú. Ẹ̀gbọ́n ní Èkó ni, nítorí etíkun. Àbúrò ní irọ́ ni, Ìbàdàn ni, òkun ni wọ́n gbé wá.

Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938 ni ìwé tí bàbá mi fi jẹ́ kí n mọ adùn Yorùbá, mo sì kánjú gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Èdè rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n a kò tíì rìn jìnnà tí a fi dé ibi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú ìwé náà, ti ń sọ pé àjẹ́ ni ìyá òun, àti pé bàbá òun ló pa á. Mo fò ó. Ìka ọmọ náà wà lórí ìlà tí mo fò, ó sì gbójú sókè wò mí. Kì í ṣe ìwé Fágúnwà ló ṣe àìdáa níbẹ̀. Èmi ni mo gbé e wá ṣáájú àkókò, tí mo sì wá fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bò ó. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún un pé ohun kan wà níbẹ̀ tó le, tí mo fẹ́ kí a jọ kà nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ìwé náà wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń ka ọdún tó kù.

Àbúrò ní tirẹ̀ kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò fún. Ìwé kan náà, ti ewúrẹ́ tó sá kúrò lọ́jà, ni a ń kà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ti sú mi dé góńgó. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, oorun ń kùn mí, mo ṣí ojú ewé méjì papọ̀ bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní ewúrẹ́ kò tíì mu omi. A padà sẹ́yìn, ewúrẹ́ mu omi.